Mọ́dábọ́ọ̀dù kékeré wo ló yẹ ilé ẹ̀kọ́ tó ń lo iná oòrùn? Ìdáhùn sí olùkọ́ kan ní Kétu

Olùkọ́ kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ to kọ̀ǹpútà mẹ́fà fún àwọn ọmọ, wọ́n sì ní páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, ínfátà kan, àti bátìrì olómi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 fóòtì àti 200 Ah (ampere-wákàtí). Àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́fà wà ní yàrá ìkẹ́rù wọn tí inú wọn ti kú. Oníṣòwò kan ní Kutọnu wá sọ fún un pé mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí a ń so gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà mọ́) tó bá kéré jù lọ ni kó rà, nítorí pé bí pátákó náà bá ṣe kéré tó ni iná tó ń jẹ yóò ṣe kéré tó. Ó ti rí orúkọ Mini-ITX, Nano-ITX, Pico-ITX, Mini-STX àti èyí tí wọ́n ń pè ní 4×4, kò sì mọ èyí tí yóò mú. Ó béèrè pé: ṣé òótọ́ ni oníṣòwò yẹn sọ, ṣé àwọn àpótí àtijọ́ yẹn sì tún lè wúlò?

Olùkọ́, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì: àwọn àpótí yẹn ṣì wúlò, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ fún mi. Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kò rí bí oníṣòwò náà ṣe sọ ọ́, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, torí pé àṣìṣe yìí gan-an ni mo ń bá pàdé jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ mi ní Àjàṣẹ́.

Mọ́dábọ́ọ̀dù, tí àwọn tó fi èdè Faransé kọ́ṣẹ́ ń pè ní carte mère, dà bí ilé. Àwọn tó ń gbé inú ilé ló ń jẹun, ilé kì í jẹun. Processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń jẹ iná jù nínú wọn, lẹ́yìn rẹ̀ káàdì àwòrán bí ó bá wà, lẹ́yìn náà RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ lé) àti ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀. Ẹ wo Mini-ITX, tó jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, 170 mílímítà sí 170 mílímítà. Lórí pátákó ìwọ̀n yìí ẹ lè rí èyí tí wọ́n fi òjé jó Intel N100 mọ́, processor tó jáde ní ọdún 2023, tí Intel sì kọ 6 wáàtì sí gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ooru rẹ̀. Lórí ìwọ̀n kan náà ẹ tún lè rí èyí tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gba processor tó lè jẹ ju 100 wáàtì lọ, tí ihò PCI Express kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ sì lè gba káàdì àwòrán tó tún ń jẹ 200 wáàtì. Ìwọ̀n kan náà ni, ihò sukúrù kan náà ni, orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sí páálí méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan yóò bá bátìrì yín gbé pọ̀ ní àlàáfíà, èkejì yóò sì fà á gbẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n pátákó láti mọ iná tí yóò jẹ ń wo ibi tí kò yẹ.

Kí ni ìwọ̀n wá ń sọ fún wa nígbà náà? Ó ń sọ ibi tí a ó ti de pátákó mọ́ àpótí, irú iná tí a ó fún un, àti ohun tí a lè yọ kúrò lára rẹ̀ kí a fi òmíràn rọ́pò. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jẹ mí lógún jù, torí pé ní Kétu, bí ohun kan bá bàjẹ́ lónìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí a ó ti rí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ rà lọ́la.

Ní ọdún 1995 ni ilé iṣẹ́ Intel gbé òṣùwọ̀n ATX jáde, pátákó tó tó 305 mílímítà sí 244. Ọdún 1997 ni microATX tẹ̀ lé e, tí kò kọjá 244 sí 244. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ VIA ní Taiwan gbé Mini-ITX jáde. VIA ní processor kan nígbà náà tí wọ́n ń pè ní C3, tí kò lè bá ti Intel àti AMD sáré, ṣùgbọ́n tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n débi pé àwọn kan lára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìní fáànù rárá. Wọ́n wá ronú pé bí processor wa kò bá lè sáré, ẹ jẹ́ kí a fi hàn pé ó lè gbé ilé kékeré. Báyìí ni àwọn pátákó tí wọ́n sọ ní EPIA ṣe dé ọjà.

Ohun ọgbọ́n tí VIA ṣe, tí mo ń yìn wọ́n fún títí di òní, ni pé wọn kò gbẹ́ ihò tuntun. Ihò sukúrù mẹ́rin tó wà lára Mini-ITX bọ́ sí ibi tí mẹ́rin nínú ti ATX wà, ẹ̀yìn pátákó náà níbi tí a ti ń ki wáyà bọ̀ sì bọ́ sí ojú kan náà. Nítorí náà, àpótí tí wọ́n ṣe fún ATX yóò gba Mini-ITX láìsí pé a lu ihò kankan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má ṣe ta àwọn àpótí yẹn fún àwọn tó ń ra irin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni VIA bẹ̀rẹ̀ sí í gé pátákó kéré sí i. Nano-ITX tí wọ́n kéde ní ọdún 2003 jẹ́ 120 mílímítà sí 120. Pico-ITX ti ọdún 2007 jẹ́ 100 sí 72. Mobile-ITX ti ọdún 2009 jẹ́ 60 sí 60, èyí tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti orí Nano-ITX sísàlẹ̀ ni àdéhùn ihò ATX ti tú ká. Bí ẹ bá gbé Pico-ITX sínú àpótí yín, kò ní rí ibi tí yóò jókòó. Kò sí àyè fún púlọ́ọ̀gì iná onírin 24 tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀pọ̀ ihò tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì di orí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ní láti rà lọ́tọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Inú ẹ̀rọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, inú ọkọ̀ àti inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni àwọn pátákó wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń ra ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan náà tí ó sì fi àádọ́ta pamọ́ fún àtúnṣe. Ẹni tó ń ra mẹ́fà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Mini-STX yàtọ̀ díẹ̀. Intel ló gbé e jáde ní ọdún 2015, 147 mílímítà sí 140, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì processor tó ṣeé yọ, ó sì ń gba iná 19 fóòtì láti ìta bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èrò rẹ̀ dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò pọ̀, pátákó àti àpótí tó bá a mu sì ṣọ̀wọ́n. Òṣùwọ̀n tí ilé iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré bá ń lò kò tíì di òṣùwọ̀n ní ojú ẹni tó fẹ́ rí ohun rọ́pò lọ́dún márùn-ún sí i.

4×4 tí ẹ rí túmọ̀ sí íǹṣì mẹ́rin sí mẹ́rin, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 102 mílímítà. Ìwọ̀n pátákó inú NUC nìyẹn, àpótí kékeré tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2013. NUC jẹ́ kọ̀ǹpútà tó dára, mo ti to ọ̀pọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, Intel kéde pé àwọn kò ní náwó lé e lórí mọ́, ilé iṣẹ́ ASUS ló sì gbà á ṣe lọ. Ẹ rí i pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni náà lè jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé òun ti ṣe é tó. Mini-ITX kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, torí pé ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò lọ́wọ́ VIA nìkan. ASUS, ASRock, Gigabyte, MSI àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é. Ihò tí wọ́n ń lò ní ọdún 2001 náà ni wọ́n ṣì ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo to kọ̀ǹpútà mẹ́ta fún ilé ìtajà oògùn kan ní Sábẹ̀ẹ́. Mo yan pátákó kan tó kéré, tó rẹwà, tí wọ́n ti fi òjé jó processor àti RAM mọ́ pọ̀, tí ihò rẹ̀ kò sì bá òṣùwọ̀n kankan mu. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹnu ihò iná ọ̀kan wó wọnú, RAM èkejì sì bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ Mini-ITX ni, mo máa yọ RAM ti àkọ́kọ́ fún èkejì, n ó sì ra pátákó kan péré sínú àpótí tó ṣófo. Kàkà bẹ́ẹ̀, méjèèjì di ohun ìdánù pẹ̀lú àpótí wọn, torí pé àpótí náà kò gba nǹkan mìíràn. Ó dùn mí gan-an, owó ẹni ẹlẹ́ni ni. Láti ọjọ́ náà, ihò sukúrù ni mo kọ́kọ́ máa ń bi oníṣòwò léèrè kí n tó béèrè eré sísá.

Ní ti iná, ẹ jẹ́ kí a fi bátìrì yín ṣe ìṣirò. 12 fóòtì lọ́nà 200 Ah jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí, méjèèjì sì jẹ́ 4,800. Bátìrì olómi kì í fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà 2,400 ni ẹ ní ní ọjọ́ tí oòrùn kò bá ràn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń jẹ bí 90 wáàtì, pẹ̀lú ojú ìwòran tó ń jẹ 20, jẹ́ 110; mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 660, bátìrì yín yóò sì gbé e fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá lo Mini-ITX tó ní N100, mo máa ń ka gbogbo inú rẹ̀ sí 20 wáàtì, torí pé 6 wáàtì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò kan RAM, ibi ìpamọ́ àti ohun tí a bá ki bọ ihò USB, processor náà sì lè kọjá iye yẹn fún ìgbà díẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀. Pẹ̀lú ojú ìwòran, ó di 40. Mẹ́fà rẹ̀ di 240, wákàtí mẹ́wàá sì nìyẹn, kí ínfátà tó gba tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a tẹ̀ lé ìmọ̀ràn oníṣòwò yẹn, kí a mú pátákó kékeré kan tí a kà sí 12 wáàtì. Ojú ìwòran kò yí padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan di 32, mẹ́fà di 192, bátìrì sì gbé e fún wákàtí méjìlá àti ààbọ̀. Láti wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ sí mẹ́wàá ni èrè ńlá wà, processor tí a pààrọ̀ ló sì mú un wá. Ìyókù kéré, torí pé ní báyìí ojú ìwòran ti ń jẹ tó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ àwọn ojú ìwòran kù sí ìwọ̀n tó tẹ́ ojú àwọn ọmọ lọ́rùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èrè tó sún mọ́ ìyẹn láìná kọ́bọ̀.

Ibi kan wà tí àwọn àpótí àtijọ́ lè ti tan yín. Páwà ATX inú wọn, tí wọ́n ṣe láti gbé 300 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe dáadáa bí ẹrù rẹ̀ bá kéré. Bí ẹ bá fi gbé 20 wáàtì, yóò máa sọ apá tó pọ̀ di ooru. Nítorí náà, ẹ yọ páwà náà sọ nù, kí ẹ fi àpótí nìkan sílẹ̀. Ẹ ra Mini-ITX tó ní ihò iná 19 fóòtì lára, tí ṣájà bíi ti alágbèéká yóò máa bọ́. Àpẹẹrẹ kan ni ASRock N100DC-ITX. ASUS Prime N100I-D D4 ní processor kan náà àti ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n páwà ATX ni òun ń fẹ́. Ẹ rí i pé orúkọ Mini-ITX nìkan kò tó láti fi ra ọjà. Ẹ tún lè bá Thin Mini-ITX pàdé, tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ 170 sí 170 ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó 25 mílímítà péré, nígbà tí ti àtijọ́ ga tó bíi 44. Yóò wọ àpótí yín pẹ̀lú, àmọ́ àlàfo yóò kù lókè rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ dí kí aláǹgbá má bàa gbabẹ̀ wọlé.

Ohun mìíràn tó mú kí n fẹ́ràn ihò 19 fóòtì ni pé ẹ lè fi ínfátà àti ṣájà bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì gbé e kúrò lọ́jọ́ iwájú. Ínfátà ń jẹ iná tirẹ̀ àní bí kò bá sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ṣájà náà sì tún ń jẹ tirẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé 12 fóòtì ti bátìrì gòkè sí 19 wà lọ́jà, a sì ń so ó tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ínfátà. Ẹ má ṣe so bátìrì mọ́ ohun tí wọ́n kọ 12 fóòtì sí láìwádìí, nítorí pé bátìrì 12 fóòtì kì í jẹ́ 12 gan-an: bí oòrùn bá ń kún un, ó lè tó 14.4, bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó lè sún mọ́ 11. Bí ó bá sì jẹ́ pé títẹ̀lé ara ni wọ́n so bátìrì yín méjèèjì, 24 fóòtì ni ẹ ní, ó sì lè gòkè dé nǹkan bí 29. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà nípa iná tó lè wọlé. Ní fóòtì 12, 240 wáàtì túmọ̀ sí 20 ampere. Ẹ jẹ́ kí wáyà nípọn, kó kúrú, kí fíúsì sì wà ní ẹnu bátìrì gan-an.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣí àpótí kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ wọn ojú ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 159 mílímítà sí 45, tí àwo tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀ sì ṣeé yọ, ara rẹ̀ bá òṣùwọ̀n mu. Bí àwo náà bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú irin àpótí, àpótí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn, àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń ti Yúróòpù dé Kutọnu sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo wáyà bọ́tìnnì ìtaná: bí orí rẹ̀ bá jẹ́ ihò méjì lásán, yóò bá pátákó yòówù mu, bí ó bá jẹ́ orí fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó ní ọ̀pọ̀ wáyà, a ó ní láti gé e, kí a wá èyí tó jẹ́ ti bọ́tìnnì nínú wọn.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé kí ni pátákó kékeré ń wá nínú àpótí ńlá. Ooru ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ọ̀pọ̀ pátákó N100 kò ní fáànù. Irin tó ń gba ooru nìkan ló wà lórí processor, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí a bá há a mọ́ àpótí tó tóbi bí ìwé àdúrà ní oṣù kẹta, nígbà tí òrùlé páànù kíláàsì ti gbóná, processor yóò máa fà sẹ́yìn kó má bàa jó, àwọn ọmọ yóò sì sọ pé kọ̀ǹpútà ń sùn. Nínú àpótí ńlá tó ṣófo, ooru rí ibi gbà gòkè. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá ń bo tábìlì kí a tó parí ẹ̀kọ́ kan, kọ̀ǹpútà tí kò ní fáànù kì í fa eruku sínú bí èyí tó ní in. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tó o.

Ẹ lè máa ronú nípa Raspberry Pi pẹ̀lú, tó jẹ́ nǹkan bí 85 mílímítà sí 56, tó sì ti wà láti ọdún 2012. Fún kíkọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn ètò Windows tí wọ́n kọ fún processor Intel kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, káàdì microSD tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì lè bàjẹ́ bí iná bá ń já lójijì, ohun tí ẹ mọ̀ dáadáa ní Kétu.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí oníṣòwò, ẹ kọ ọ́ ní Faransé kí àṣìṣe má bàa wọ̀ ọ́: carte mère format Mini-ITX, processeur N100, alimentation externe 19 V. Ẹ béèrè bóyá RAM rẹ̀ jẹ́ ti alágbèéká tàbí gígùn ti orí tábìlì, torí pé pátákó méjì tí mo dárúkọ yàtọ̀ síra lórí èyí. RAM 8 GB àti SSD (ibi ìpamọ́) 240 GB tó fún iṣẹ́ kíláàsì.

Ẹ má sì ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ dè é sínú àpótí tó dára jù, kí ẹ sì lò ó fún oṣù kan. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn wáàtì, tí a ń ki sáàárín ògiri àti ṣájà, kò wọ́n. Ẹ fi wo iye tó ń jẹ nígbà tí ọmọ ń tẹ̀wé àti nígbà tó ń wo fídíò, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ó bá kọjá 25 wáàtì nígbà títẹ̀wé, ẹ fi iye náà ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó márùn-ún tó kù.